Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: fífi ìmọ́lẹ̀ rán ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, láti bàráńdà dé bàráńdà ní Tánkẹ́

Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, níhìn-ín ní Ìlọrin. Nínú gbogbo ohun tí a ti kọ́, kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó dá lórí ìṣirò ìròyìn, kóòdù àti ọ̀rọ̀ àṣírí, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé a lè fi nọ́ńbà wọn ohun tí ènìyàn sọ, bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ àṣekágbá tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yan iṣẹ́ orí ìwé. Èmi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀rọ kékeré méjì tí yóò máa fi ìmọ́lẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀kan ní bàráńdà òkè ilé tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Tánkẹ́, èkejì ní bàráńdà ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, mítà 22 sí ara wọn. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ìpinnu tí mo bá ṣe gbọ́dọ̀ ní ìṣirò tó gbè é lẹ́yìn, kí n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, àtèyí tó dára àtèyí tó bàjẹ́.

Ọjọ́ 4, Oṣù Kọkànlá

Kí n tó ra wáyà kankan ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ mi wo ètò iṣẹ́ tí mo mú lọ bá a, ó ní, "Kí ló dé tí o kò yọ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrò? Iṣẹ́ rẹ á fúyẹ́. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń kọ ọ́ lórí fóònù?"

"Ẹ má bínú sà," ni mo fèsì, "ẹ jẹ́ kí n lọ fi ìṣirò wá ìdáhùn rẹ̀."

Ní ọdún 1948 ni Claude Shannon, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ tí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ jáde. Ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ni pé ìwọ̀n ìròyìn tó wà nínú iṣẹ́ tí a rán kò ju ìwọ̀n iyèméjì tí ó mú kúrò lọ́kàn ẹni tó gbà á lọ. Bí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bá jẹ́ méjì péré, tí ọ̀kan kò sì ṣeé ṣe ju èkejì lọ, bíìtì 1 ni. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, bíìtì 2. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, bíìtì 3. Ẹni tó bá ti wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ dáadáa ti rí ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀: èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè tàbí kó dojú dé, ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 256, tí iye náà sì bá báìtì kan, ìyẹn bíìtì 8, mu gẹ́lẹ́.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ kan tí kò ní àmì: oko. Ẹni tó bá rí i lórí fóònù lè kà á sí oko tí à ń dá, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí à ń fi kọ ebè, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Márùn-ún ni wọ́n. Bí a bá ní kò sí èyí tó ṣeé ṣe ju èkejì lọ, àmì tí a yọ ti gbé bíìtì 2.32 lọ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òǹkàwé ni yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká wá ohun tó sọnù kiri. Ó rọrùn lórí fóònù nítorí pé a mọ ẹni tó kọ̀wé sí wa, a sì mọ ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Òdìkejì èyí gan-an ni onílù dùndún ń ṣe. Ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì lè pe fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń rán. Nítorí náà, onílù kì í lu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kó dákẹ́. Gbólóhùn gígùn ló ń lù, oríkì tàbí òwe tí etí ti mọ̀, kí gígùn rẹ̀ lè dí àlàfo ohun tí awọ kò lè sọ. Àwọn àgbà onílù ti mọ̀ tipẹ́ pé bí ọ̀nà bá ń gbé nǹkan mì, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún ẹrù kí ó tó gbéra. Àlékún tí a mọ ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí òfò: mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé iṣẹ́ mi. Olùkọ́ mi ka ojú ewé mẹ́ta tí mo fi dá a lóhùn, ó ní kí n fi àwọn àmì náà sílẹ̀.

Ọjọ́ 9, Oṣù Kọkànlá

Ìṣòro tó kàn ni pé lẹ́tà wa wúwo nínú kọ̀ǹpútà. Nínú UTF-8, tí ó jẹ́ ọ̀nà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, báìtì 1 ni o ń gbà. Ọ tí ó ní ẹsẹ̀ ń gba báìtì 3. Bí a bá sì fi àmì òkè lé e, a ó fi báìtì 2 kún un. Báìtì 5 ni ọ́ kan ṣoṣo. Èyí túmọ̀ sí pé báìtì 9, ìyẹn bíìtì 72, ni ọwọ́ ń gbà, nígbà tí owo tí a kò fi àmì kankan sí ń gba bíìtì 24. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé kì í ṣe èdè ló wúwo. Àpótí tí wọ́n kó o sí ni kò bá a mu.

Mo wá kan àpótí tirẹ̀ fún un. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, ṣùgbọ́n gb jẹ́ g àti b tí wọ́n dúró ti ara wọn, nítorí náà kọ́ńsónáǹtì tí mo nílò jẹ́ 17. Fáwẹ̀lì jẹ́ 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn mẹ́ta, ó di 21. N àti m tí wọ́n ń gba ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi 4 kún un, àpapọ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì 17 náà di 42. Àlàfo, àwọn àmì ìdánudúró mẹ́fà, nọ́ńbà mẹ́wàá, àmì kan fún lẹ́tà ńlá àti ọ̀kan fún òpin iṣẹ́ mú un dé 61. Bíìtì 6 ń gba ohun 64, nítorí náà gbogbo wọn wọlé, àyè mẹ́ta sì ṣẹ́ kù. Bíìtì 18 péré ni ọwọ́ ń gbà báyìí, àti ẹsẹ̀ àti ohùn rẹ̀, ó sì fúyẹ́ ju bíìtì 24 ti owo tí kò ní àmì lọ. Mo pe àbúrò mi kí ó wá wò ó, nítorí pé inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ 12, Oṣù Kọkànlá

Bíìtì 6 fún gbogbo lẹ́tà, tí a kì í bá fi bẹ́ẹ̀ lo àwọn kan nínú wọn, kì í ṣe ètò tó mọ́wọ́ jù. David Huffman ló yanjú ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1951, nígbà tí olùkọ́ rẹ̀, Robert Fano, ní kí wọ́n yàn láàrin ìdánwò àti iṣẹ́ kíkọ. Iṣẹ́ kíkọ tí ó yàn ló bí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Kóòdù kúkúrú ni lẹ́tà tó wọ́pọ̀ ń gbà, gígùn ni ti èyí tó ṣọ̀wọ́n. Mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ dán an wò. Ọ̀ tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, p lẹ́ẹ̀mejì, l lẹ́ẹ̀kan, ọ tí kò ní àmì lẹ́ẹ̀kan. Bíìtì 1 fún àkọ́kọ́, 2 fún p, 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13. Òṣùwọ̀n Shannon fún ọ̀rọ̀ náà jẹ́ bíìtì 12.9, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi kóòdù odidi ṣe é kó kéré ju 13 lọ. Nínú UTF-8, bíìtì 168 ni ọ̀rọ̀ kan náà.

Síbẹ̀, mo gbé Huffman sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí gígùn lẹ́tà kò bá dọ́gba, bíìtì kan tó bá yí padà lójú ọ̀nà á mú kí ẹ̀rọ tó ń gbà á ṣì ibi tí lẹ́tà kan parí mọ̀, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e náà á sì bàjẹ́, nígbà mìíràn títí dé òpin gbólóhùn. Pẹ̀lú bíìtì 6 tó dọ́gba, lẹ́tà kan ṣoṣo ni àṣìṣe kan ń bà jẹ́. Lórí ọ̀nà tí ariwo wà, mo yàn kí n san bíìtì díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ 23, Oṣù Kọkànlá

Ìmọ́lẹ̀ dé. Arduino Uno méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó kan, ni mo lò, pẹ̀lú iná lésà pupa kékeré irú èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sí ara ògiri, tí mo rí rà ní ọ̀nà Táíwò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní lésà tirẹ̀ àti ojú tirẹ̀, kí wọ́n lè máa dá ara wọn lóhùn. A gbé méjèèjì sí ibi tó ga ju orí ènìyàn lọ, a sì ki lésà sínú páìpù kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà bọ́ sí ẹnikẹ́ni lójú.

Ojú tí mo kọ́kọ́ lò jẹ́ LDR, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná púpọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, nítorí pé òun ló wọ́pọ̀. Kò ṣe é. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò lójú LDR, ó máa ń pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé òkùnkùn ti ṣú. Mo lè rán bíìtì díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bí mo bá fi kún un, gbogbo rẹ̀ a dà pọ̀. Mo fi phototransistor, ojú mìíràn tó ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀, rọ́pò rẹ̀, a sì lè rán bíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìsí wàhálà. Ní alẹ́, ariwo mìíràn tún yọjú: iná mànàmáná tiwa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, gílóòbù bàráńdà sì ń tàn, ó ń rọ̀ nígbà 100, ojú wa kò rí i ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ rí i kedere. Páìpù dúdú gígùn tí a fi bo phototransistor náà ló yanjú rẹ̀, nítorí pé ohun tó wà ní ọ̀kánkán nìkan ló ń rí báyìí.

Ọjọ́ 2, Oṣù Kejìlá

Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ka iṣẹ́ Richard Hamming. Òun náà wà ní Bell Labs. Ó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìṣirò wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá sì rí àṣìṣe nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, a pa iṣẹ́ náà tì, a bọ́ sórí òmíràn. Ó dé ní ọjọ́ Ajé, kò bá nǹkan kan. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé bí ẹ̀rọ bá mọ̀ pé àṣìṣe wà, kí ló dé tí kò lè mọ ibi tó wà kó sì tún un ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ jáde ní ọdún 1950.

Ètò rẹ̀ tí mo lò mú bíìtì mẹ́rin, ó fi mẹ́ta kún un, ó di méje. A to àyè wọn láti 1 dé 7. Àwọn aláàbò wà ní àyè 1, 2 àti 4. Aláàbò àyè 1 ń ṣọ́ 3, 5 àti 7. Ti àyè 2 ń ṣọ́ 3, 6 àti 7. Ti àyè 4 ń ṣọ́ 5, 6 àti 7. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé iye 1 tó wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì. Bí mo bá fẹ́ rán 1011, ohun tí yóò jáde ni 0110011. Ká ní ariwo yí àyè 6 padà, tí ohun tó dé jẹ́ 0110001. Ẹ̀rọ a yẹ agbo wò: agbo 1 pé, agbo 2 kò pé, agbo 4 kò pé. 2 àti 4 jẹ́ 6. Ibi tí àṣìṣe wà nìyẹn, ẹ̀rọ a sì yí i padà. Mo ti ṣe ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìdánwò ní ọdún tó kọjá, mo sì gba máàkì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo jẹ́ kí bíìtì máa lọ díẹ̀díẹ̀, tí mo fi ìka dí ẹyọ kan nínú méje, tí mo sì rí i tí lẹ́tà náà dé láìyẹ̀ ni mo tó gbà á gbọ́ nínú egungun mi.

Ìṣirò tó tì í lẹ́yìn: bí ariwo bá ń yí bíìtì kan padà nínú ọgọ́rùn-ún, bíìtì mẹ́rin tí kò ní aláàbò yóò bàjẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 39 nínú 1000, bí wọ́n bá ní aláàbò, ó di nǹkan bí ìgbà 2. Owó tí a san ni pé mẹ́rin péré nínú bíìtì méje ló ń gbé ọ̀rọ̀, ìyẹn 0.571. Shannon sì ti fi hàn pé lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, a lè dé 0.919 kí àṣìṣe sì kéré bí a bá ṣe fẹ́. Àlàfo tó wà láàrin nọ́ńbà méjèèjì yìí ni àwọn onímọ̀ kóòdù ti ń ṣiṣẹ́ lé láti ìgbà náà.

Ọjọ́ 27, Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti mú. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ láti àárọ̀, eruku sì wà lójú gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n eruku kọ́ ni ìṣòro wa. Okùn tí àwọn ayálégbé ń sá aṣọ sí gba àárín ilé méjèèjì kọjá, bí afẹ́fẹ́ bá sì gbé ìró tàbí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì sókè, a gba iwájú ìmọ́lẹ̀ náà kọjá. Bí aṣọ náà bá dí i fún ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá péré, bíìtì 30 ti lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Hamming kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí, ó tilẹ̀ ń bà á jẹ́ sí i ni. Bí bíìtì méjì bá yí padà nínú méje, àwọn aláàbò a tọ́ka sí àyè kẹta tí kò ní ẹ̀sùn, ẹ̀rọ a sì yí òun náà padà, pẹ̀lú ìgboyà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé àṣìṣe náà kì í fi ìgbà gbogbo hàn. Mo rán ọkọ̀, ohun tó dé ni ọkọ́, kò sì sí ẹni tó máa rí i pé ó ṣì, nítorí pé ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Hamming pe iye àyè tí ọ̀rọ̀ méjì fi yàtọ̀ síra ní àlàfo wọn. Àlàfo ọkọ sí ọkọ́ jẹ́ 1, àlàfo ọkọ́ sí ọkọ̀ jẹ́ 1. Èdè wa ti kó àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ra níbi ohùn, nítorí náà ìṣọ́ tí a óò fi sí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ le.

Mo bẹ àwọn ayálégbé pé kí wọ́n sún okùn náà, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ní kí n dá a padà síbi tó wà. "Okùn yẹn ló máa kọ́ ẹ ní iṣẹ́," ló sọ. Mo dá a padà.

Ọjọ́ 5, Oṣù Kìn-ín-ní

Mo lọ dúró ti bàbá kan tó ń hun aṣọ òfì ní àárín ìgboro Ìlọrin, níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì kú. Mo ti ń ronú nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti yé mi tán. Òwú gígùn ló nà sílẹ̀ lọ jìnnà, èyí tó ń dábùú ń gba inú wọn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá gé aṣọ náà ní ìbú, kò sí òwú gígùn kan tó bàjẹ́ ju ojú kan lọ, a sì lè so ó.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe hun bíìtì. Ẹ̀rọ kò rán ọ̀rọ̀ Hamming kọ̀ọ̀kan bó ṣe parí rẹ̀ mọ́. Ó to 32 nínú wọn sí abẹ́ ara wọn, ìlà 32, bíìtì 7 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 224. Ó kọ wọ́n ní ìlà, ṣùgbọ́n òpó ló fi ń rán wọn: bíìtì àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìlà 32, lẹ́yìn náà èkejì nínú gbogbo wọn, títí dé ìkeje. Ẹ̀rọ kejì a tò wọ́n padà. Aṣọ tó bá dí bíìtì 30 tó tẹ̀ léra wọn kò lè mú ju ẹyọ kan lọ láti inú ìlà kọ̀ọ̀kan, Hamming sì lè tún ẹyọ kan ṣe. Kò sí bíìtì tuntun kankan tí mo fi kún un. Ètò ni mo yí padà, àlékún tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì tó.

Báìtì 28 ni 224 bíìtì, Arduino Uno sì ní kìlóbáìtì 2 fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà kò fún un lọ́rùn. Bíìtì tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 128. Mo fi lẹ́tà 20 sí i, ìyẹn 120, mo sì fi 8 tó kù ṣe CRC, àmì àyẹ̀wò tó ń sọ fún ẹ̀rọ tó gbà á bí nǹkan kan bá ṣì bàjẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Bí ó bá bàjẹ́, a ní kí wọ́n tún ìdìpọ̀ náà rán. Àwọn nọ́ńbà náà bá ara wọn mu bí ìgbà tí a wọ̀n wọ́n fún ara wọn. Ìdìpọ̀ kan ń gba 0.37 ìṣẹ́jú àáyá.

Ọjọ́ 19, Oṣù Kìn-ín-ní

Ìpín tó kàn ni àṣírí, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró sí ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ bíi tiwa lè ka gbogbo ohun tí a ń sọ.

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Àjàṣẹ́-Ìpo, èmi àti àbúrò mi máa ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà, a ó máa ki sílébù mìíràn bọ àárín sílébù ọ̀rọ̀ wa, ó sì dá wa lójú pé a ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà fi ẹnà kan náà dá wa lóhùn láti inú ilé ìdáná. Àìlera ẹnà ni pé ọ̀nà rẹ̀ ni àṣírí rẹ̀: ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà náà ti mọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1883 ni Auguste Kerckhoffs, onímọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí, ti kọ ọ́ pé ètò àṣírí tó dára gbọ́dọ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láìṣe nǹkan kan, bí kọ́kọ́rọ́ nìkan kò bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lo kọ́kọ́rọ́ ìlò-ẹ̀ẹ̀kan: bíìtì tí kò ní ètò kankan, tó gùn tó iṣẹ́ tí a fẹ́ rán, tí a ó fi pọ̀ mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a kò sì ní tún lò mọ́ láéláé. Shannon fi ẹ̀rí hàn ní ọdún 1949 pé kò sí ìṣirò tó lè tú u, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà náà tóbi tó. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ mi ló ṣe àwọn bíìtì náà, mo sì kọ wọ́n sínú EEPROM ẹ̀rọ méjèèjì, ìyẹn ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Báìtì 1024 ló gbà, ó tó fún lẹ́tà 1365.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àbúrò mi pè mí. "Bọ̀dá, ẹ wá wo èyí. Iṣẹ́ àná àti iṣẹ́ òní bẹ̀rẹ̀ bákan náà." Ó ti ń kọ bíìtì tó ń gba afẹ́fẹ́ kọjá sílẹ̀, ó tò wọ́n padà sí ìlà, ó sì yọ àwọn aláàbò kúrò, ọgbọ̀n bíìtì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ méjèèjì kò sì yàtọ̀ rárá. Mo jókòó sílẹ̀. Iná ti lọ ní òru, ẹ̀rọ ti kú, nígbà tó sì jí, ó bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú ìrántí tó ń parẹ́ bí iná bá lọ ni mo kọ ibi tí a dé sí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ara wa: ẹ, àlàfo, k, ú, àlàfo, lẹ́tà márùn-ún, bíìtì 30. Ìkíni ló tú wa. Láti ibẹ̀, ó lè yọ kọ́kọ́rọ́ ibi ìkíni náà, kó sì pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ kí kọ́kọ́rọ́ yòókù fi ara wọn pa rẹ́. Àwọn ará Soviet tún irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lò ní àwọn ọdún 1940, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbà ka díẹ̀ nínú ìwé wọn. Mo ti yọ báìtì díẹ̀ lára kọ́kọ́rọ́ kí àyè lè wà, mo sì ń kọ ibi tí a dé sínú EEPROM báyìí, kí a tó rán bíìtì kankan, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ 2, Oṣù Kejì

Bí kọ́kọ́rọ́ bá tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọdá títì lọ gbé òmíràn fún ẹnì kejì. Whitfield Diffie àti Martin Hellman ló tẹ ọ̀nà àbáyọ jáde ní ọdún 1976, èyí tí ẹni méjì fi lè ní kọ́kọ́rọ́ kan náà láìgbé e fún ara wọn. Mo fi nọ́ńbà kékeré ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi. Gbogbo ayé mọ̀ pé a ń lo 2, a sì ń pín gbogbo nǹkan sí 19 kí a lè mú ohun tó bá ṣẹ́ kù. Mo fi 5 pamọ́ sínú mi: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 32, ó ṣẹ́ ku 13, mo rán 13. Ọ̀rẹ́ mi fi 7 pamọ́: 2 méje bẹ́ẹ̀ jẹ́ 128, ó ṣẹ́ ku 14, ó rán 14. Mo sọ 14 márùn-ún di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, òun ṣe bẹ́ẹ̀ sí 13 méje, a mú ohun tó ṣẹ́ kù, àwa méjèèjì dé 10, tí kò gba afẹ́fẹ́ kọjá rí. Àbúrò mi dán gbogbo nọ́ńbà tó lè wà níbẹ̀ wò, kò sì pẹ́ tó fi rí 5 mi. Ó tọ̀nà. Nínú ẹ̀rọ, mo fi 2147483647 rọ́pò 19, nọ́ńbà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò, fi ẹ̀rí hàn ní ọdún 1772 pé kò sí ohun tó lè pín in àyàfi 1 àti ara rẹ̀. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ ṣì lè tú u. Àwọn tó ń lò ó fún iṣẹ́ gidi ń lo nọ́ńbà tó gùn ju ẹyọ òǹkà 600 lọ, Arduino tèmi kò sì lè gbé ìyẹn. Nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo pè é ní àpẹẹrẹ, n kò pè é ní ààbò.

Olùkọ́ mi béèrè ohun kan tí n kò ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ lo ń bá sọ̀rọ̀? Bí ẹlòmíràn bá dúró sáàrin, tó bá ìwọ ṣe àdéhùn tirẹ̀, tó sì bá òun náà ṣe tirẹ̀ ńkọ́?" Ìdí tí ọba fi ń fi ọ̀pá àṣẹ lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn: ọ̀rọ̀ lásán kò tó láti fi mọ ẹni tó rán an. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí lọ bí mo bá rí àǹfààní ìwé síwájú sí i.

Ọjọ́ 11, Oṣù Kejì

Ìdánwò ìkẹyìn. Ọjọ́ Sátidé ni, okùn kún fún aṣọ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Olùkọ́ mi wá fúnra rẹ̀, a fún un ní àga ní bàráńdà. Fún bí wákàtí kan ni ọ̀rọ̀ ń lọ tó ń bọ̀. A rí i lójú sírìnì ẹ̀rọ bí ó ṣe ń tún ìdìpọ̀ ṣe nígbàkígbà tí ṣíìtì aláwọ̀ búlúù kan bá fẹ́ sókè, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì béèrè pé kí wọ́n tún ìdìpọ̀ kan rán. Olùkọ́ mi kò sọ nǹkan púpọ̀. Ó ní kí n fi ìṣirò ìhunṣọ náà sí iwájú nínú ìwé mi, kí n má fi sẹ́yìn.

A ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí sírìnì ẹ̀rọ tún tàn. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fá koríko gbígbẹ tó yí ilé rẹ̀ ká kí iná má baà mú un. "Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú ọkọ́ wá." Àbúrò mi kà á, ó wọ inú ilé, ó gbé ọkọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì sọdá títì.